Matsukata Kojiro: Ọkùnrin tí ó Ra Ohun Ilé Padà

Nínú ìwé kékeré yìí, a óò ka ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin kan tí ó ti kú tipẹ́. Kì í ṣe ọmọ Togo, kì í sì í ṣe ọmọ Áfíríkà. Ọmọ ilẹ̀ Jàpáánì ni, ní ìhà ìlà-oòrùn ayé lọ́hùn-ún, níbi tí òkun ti yí ilẹ̀ ká. Orúkọ rẹ̀ ni Matsukata Kojiro. Ní ilẹ̀ wọn, orúkọ ìdílé ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó pe orúkọ ẹni. Matsukata ni orúkọ ìdílé rẹ̀, Kojiro sì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Ẹ lè béèrè pé kí ni ó pa àwa ará Atakpamé pọ̀ mọ́ ará Jàpáánì. Ẹ fara balẹ̀. Ìtàn ẹni tí ó ná owó ńlá láti ra ohun tí àwọn ará ilé rẹ̀ ti tà ní owó pọ́ọ́kú ni. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ìyẹ̀wù tiwa.

1. Àwòrán tí wọ́n ń fi pákó tẹ̀

Kí a tó sọ̀rọ̀ nípa Kojiro, ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó rà.

Gbogbo wa ni a ti rí òǹtẹ̀ rí. Bí ẹ bá lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba, akọ̀wé yóò fi òǹtẹ̀ kan tàdáwà, yóò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé yín. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, àmì kan náà ni yóò máa jáde. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Jàpáánì ṣe ń ṣe àwòrán láyé àtijọ́. Pákó ni òǹtẹ̀ wọn.

Ènìyàn mẹ́rin ni ó máa ń pawọ́ pọ̀ ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni kìíní ni ayàwòrán. Òun ni yóò ya àwòrán sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni kejì ni agbẹ́gi. Yóò lẹ bébà náà mọ́ ojú pákó, yóò sì fi ọ̀bẹ gbẹ́ gbogbo ibi tí kò sí ìlà kúrò, títí ìlà àwòrán nìkan yóò fi yọ sókè. Ẹni kẹta ni atẹ̀wé. Yóò fi búrọ́ọ̀ṣì pa àwọ̀ sí ojú pákó, yóò gbé bébà lé e, yóò sì fi ohun pẹlẹbẹ kan ra ẹ̀yìn bébà náà títí àwọ̀ yóò fi mú. Ẹni kẹrin ni oníṣòwò. Òun ni ó ń mú owó iṣẹ́ jáde, òun náà ni ó sì ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù.

Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní pákó tirẹ̀. Bí àwọ̀ mẹ́wàá bá wà nínú àwòrán kan, wọ́n lè gbẹ́ pákó mẹ́wàá fún un. Bí pákó kan bá yẹ̀ díẹ̀, àwòrán ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ra áńkárá mọ ohun tí a ń wí. Ẹ mọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ojú ìlà, ẹ sì mọ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣàn kọjá ìlà.

Àwọn àwòrán yìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ọlọ́lá. Ti mẹ̀kúnnù ni. Àwòrán àwọn eléré orí ìtàgé ni, àti àwọn oníjàkadì, àwọn arẹwà obìnrin, òkè, ọ̀nà àti òjò. Owó tí ènìyàn fi lè ra abọ́ oúnjẹ kan lẹ́bàá títì ni ó lè fi ra ọ̀kan. Àwọn ènìyàn ń lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Bí wọ́n bá gbó, wọn a sọ wọ́n nù.

Àwọn tí ó ya wọ́n jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni Hokusai, tí wọ́n bí ní ọdún 1760, tí ó sì kú ní ọdún 1849. Òun ni ó ya àwòrán ìgbì òkun ńlá kan tí ó fẹ́ bo àwọn ọkọ̀ ojú omi mọ́lẹ̀. Òmíràn ni Hiroshige, tí ó kú ní ọdún 1858. Kò sí ẹni tí ó mọ òjò yà bí i tirẹ̀.

2. Bí wọ́n ṣe tà wọ́n lọ

Fún ohun tí ó ju igba ọdún lọ, ìjọba Jàpáánì kò jẹ́ kí àlejò wọ ilẹ̀ wọn, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Ní ọdún 1853, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà dé sí etí òkun wọn. Láìpẹ́, ilẹ̀kùn ṣí, ọjà òkèèrè sì wọlé.

Nígbà náà ni àwọn ará Jàpáánì fẹ́ dà bí òyìnbó lójijì. Wọ́n ń wá ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ń wá fọ́tò, wọ́n ń wá ìwé ìròyìn. Àwòrán onípákó wá di ohun àtijọ́ lójú wọn. Bàbá kú tán, ọmọ kó àwòrán inú àpótí jáde, ó tà wọ́n fún ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé.

Ṣùgbọ́n ní ìlú Párísì, ojú mìíràn ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Ní ọdún 1867, Jàpáánì kó ọjà lọ sí àfihàn ńlá kan níbẹ̀, ẹnu sì ya àwọn ará Yúróòpù. Ọmọ Jàpáánì kan tí ń jẹ́ Hayashi Tadamasa ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Párísì. Láàárín ọdún díẹ̀, àwòrán tí ó gbà láti ilé ju 150,000 lọ. Àwọn ayàwòrán òyìnbó pàápàá ń rà wọ́n. Vincent van Gogh, tí kò lówó lọ́wọ́, ra ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Claude Monet fi wọ́n ṣe ògiri ilé rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Títí di òní, 231 ni ó wà nínú àwọn tí ó kó jọ.

Nígbà tí ó yá, ẹni tí ó bá fẹ́ rí àwòrán Jàpáánì tí ó dára, Párísì ni yóò lọ. Ilé tí wọ́n ti ṣe é ti ṣófo.

3. Ọmọ ìdílé ńlá

A bí Matsukata Kojiro ní Satsuma, ní gúúsù Jàpáánì, nígbà tí ọdún 1865 ń lọ sópin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ka oṣù níbẹ̀ nígbà náà. Bàbá rẹ̀, Matsukata Masayoshi, jẹ́ ènìyàn pàtàkì nínú ìjọba. Òun ni olùtọ́jú owó ìlú. Òun ni ó dá báńkì ìjọba wọn sílẹ̀ ní ọdún 1882, ó sì di olórí ìjọba ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọmọ rẹ̀ pọ̀. Kojiro ni ọmọkùnrin kẹta.

Bàbá rán Kojiro lọ kàwé ní Amẹ́ríkà. Ó lọ sí Rutgers, lẹ́yìn náà ó lọ sí Yale, ó sì kọ́ ìmọ̀ òfin. Ní ọdún 1890 ó padà sílé. Ó bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ akọ̀wé nígbà tí bàbá náà jẹ́ olórí ìjọba.

Ní ìlú Kobe, oníṣòwò kan wà tí ń jẹ́ Kawasaki Shozo. Ó ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ó dàgbà, ó ń wá ẹni tí yóò gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kojiro ni ó mú. Ní ọdún 1896, Kojiro di ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Ọmọ nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí alùpùpù tí wọ́n kọ Kawasaki sí lára, ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ni ó ti wá.

Iṣẹ́ náà le. Kojiro fẹ́ gbẹ́ kòtò ńlá tí ọkọ̀ lè wọ̀ kí wọ́n lè tún abẹ́ rẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ etí òkun náà rọ̀, omi ń ya wọ inú kòtò. Wọ́n ṣe é títí di ọdún 1902 kí ó tó parí. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ náà ti ń dàgbà.

4. Ogun ọdún 1914

Ẹ mọ Kamina, nítòsí Atakpamé. Níbẹ̀ ni àwọn Jámánì kọ́ ilé iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì ńlá sí, tí wọ́n fi ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ láti ìhín. Nígbà tí ogun dé ní ọdún 1914, tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ń bọ̀, àwọn Jámánì fi ọwọ́ ara wọn wó o ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Ògọ́sítì. Àwókù rẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ṣẹ́gun sì gba Togo lọ́wọ́ Jámánì.

Ogun kan náà yìí ni ó sọ Kojiro di olówó ńlá. Ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn Jámánì ń ri ọkọ̀ ọjà sínú òkun. Bí ọkọ̀ ti ń rì, bẹ́ẹ̀ ni owó ọkọ̀ ń gòkè. Kojiro ti rí i ṣáájú pé ọkọ̀ yóò wọ́n. Kò dúró de oníbàárà. Ó ní kí wọ́n máa kan ọkọ̀ sílẹ̀, bí ìgbà tí aláṣọ bá ń rán aṣọ ọdún kí ọdún tó dé. Ní ọdún 1916, ó lọ sí Lọ́ńdọ̀n, ó sì ń ta àwọn ọkọ̀ náà níbẹ̀. Owó wọlé.

Ní Lọ́ńdọ̀n ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ra àwòrán. Kò pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ nípa rẹ̀. Ayàwòrán kan, Frank Brangwyn, di ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Ohun tí ó wà lọ́kàn Kojiro ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin ní Jàpáánì fẹ́ kọ́ àwòrán yíyà bí ti òyìnbó, ṣùgbọ́n wọn kò ní owó ọkọ̀ dé Yúróòpù. Bí wọn kò bá lè lọ bá àwòrán, a jẹ́ pé àwòrán ni yóò wá bá wọn. Ó pinnu láti kọ́ ilé àwòrán kan sí Tokyo, tí tọmọdé tàgbà lè wọ̀. Orúkọ tí ó yàn fún un ní èdè wọn ń sọ nípa ìgbádùn tí gbogbo ènìyàn jọ ń pín.

5. Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ àwòrán

Ní Párísì, alágbẹ̀dẹ wúrà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Henri Vever. Olówó ni, ó sì mọ ohun tí ó dára. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi ń kó àwòrán onípákó Jàpáánì jọ. Ó rà lọ́wọ́ Hayashi, ó rà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ó ní ti Hokusai, ó ní ti Hiroshige, ó ní ti Utamaro tí ó mọ obìnrin yà.

Ní nǹkan bí ọdún 1920, Kojiro ra nǹkan bí 8,000 àwòrán lọ́wọ́ Vever lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí ẹ bá ń wo ogún lójúmọ́, irinwó ọjọ́ ni yóò gbà yín, èyí tí ó ju ọdún kan lọ. Ó kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀, ó sì dá wọn padà sí Jàpáánì.

Ẹ ro ọ̀rọ̀ náà wò. Bébà tí bàbá àgbà ra ní iye owó abọ́ oúnjẹ kan, tí ọmọ rẹ̀ tà bí ẹni ta pàǹtí, òun ni ọmọ ilẹ̀ náà ń fi owó ọkọ̀ ojú omi rà padà lọ́wọ́ àlejò. Kì í ṣe pé àlejò náà jí i. Wọ́n tà á fún un ni. Ó mọ̀ ọ́n wò, ó mọ̀ ọ́n tọ́jú, ó sì san owó rẹ̀. Onígbá ni ó ń pe igbá rẹ̀ ní àkárágbá, kí ayé tó bá a fi kó ilẹ̀.

Ní ọdún 1921, Kojiro tún lọ sí Yúróòpù. Ó lọ kí Claude Monet nínú ọgbà rẹ̀ ní Giverny, ó sì ra iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ púpọ̀. Gbogbo àwòrán àti ère òyìnbó tí ó rà tó nǹkan bí 3,000, láìka 8,000 ti Jàpáánì mọ́ ọn.

6. Ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́

A kò gbọdọ̀ sọ apá kan ìtàn kí a fi apá kan sílẹ̀. Ta ni ó kan àwọn ọkọ̀ tí owó yìí ti wá? Àwọn òṣìṣẹ́ Kobe ni.

Ní ọdún 1919, ọjà wọ́n gógó, àwọn òṣìṣẹ́ sì béèrè owó kún owó. Wọ́n ń wá síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń fọwọ́ ra nǹkan ni, iṣẹ́ kò lọ. Kojiro gbà pé kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ láìdín owó wọn kù. Ní ìgbà yẹn, ohun tuntun ni èyí jẹ́ ní Jàpáánì. Wọ́n yìn ín fún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun parí, kò sí ẹni tí ó ń wá ọkọ̀ mọ́. Ní ọdún 1921, nǹkan bí 30,000 òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Kawasaki àti ti Mitsubishi dáṣẹ́ sílẹ̀ ní Kobe. Kojiro kò sí nílé. Yúróòpù ni ó wà, níbi tí ó ti ń ra àwòrán. Ìjọba mú àwọn aṣáájú òṣìṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ iṣẹ́ nù, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí ó bá fẹ́ yin Kojiro gbọ́dọ̀ rántí èyí pẹ̀lú. Òṣìṣẹ́ tí ebi ń pa kò lè fi ojú rere wo ọ̀gá tí ń ra òdòdó tí wọ́n fi ọ̀dà yà.

7. Ìṣubú

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà, ọdún 1923, ilẹ̀ mì tìtì ní Tokyo. Iná jó, ilé wó, ẹ̀mí tí ó sọnù lé ní ọ̀kẹ́ márùn-ún. Ìjọba ń wá owó. Ní ọdún 1924, wọ́n ṣòfin pé ẹni tí ó bá kó ohun afẹ́ wọ ilẹ̀ wọn yóò san owó ibodè tí ó tó iye ọjà náà gan-an. Bí ọjà jẹ́ ọgọ́rùn-ún, owó ibodè náà jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Kojiro kò lè san án lórí gbogbo àwòrán rẹ̀. Ó fi èyí tí ó pọ̀ sílẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀n àti Párísì.

Ní ọdún 1927, àwọn báńkì Jàpáánì dẹnu kọlẹ̀. Báńkì tí ó ń yá ilé iṣẹ́ Kawasaki lówó ti ilẹ̀kùn. Gbèsè wọ ilé iṣẹ́ náà lọ́rùn. Ní ọdún 1928, Kojiro fi ipò sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ó kó ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn olówó. Àwọn àwòrán òyìnbó tí ó ti dé Jàpáánì, wọ́n lù wọ́n ní gbàǹjo, wọ́n sì fọ́n káàkiri. Wọn kò kọ́ ilé àwòrán náà mọ́.

Àwòrán onípákó 8,000 ńkọ́? Àwọn náà bọ́ sọ́wọ́ báńkì nítorí gbèsè. Ṣùgbọ́n wọn kò tú wọn ká. Ní ọdún 1938, wọ́n fi gbogbo wọn fún ilé ọba Jàpáánì, lẹ́yìn náà wọ́n sì bọ́ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá Tokyo. Ibẹ̀ ni wọ́n wà títí di òní. Ẹni tí ó bá fẹ́ wò wọ́n yóò san owó díẹ̀, yóò sì wọlé.

Èyí tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1939, ilé ìkẹ́rùsí tí wọ́n wà jóná. Ó lé ní 900 iṣẹ́ ọwọ́ tí iná jẹ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó jóná gan-an. Ní àìpẹ́ yìí ni wọ́n rí ìwé kan ní Lọ́ńdọ̀n tí ẹnì kan ti to orúkọ wọn sí. Bí kò bá sí ìwé yẹn, orúkọ wọn ìbá ti parẹ́ pẹ̀lú èéfín.

8. Ohun tí ó padà lẹ́yìn ikú rẹ̀

Nǹkan bí irinwó iṣẹ́ ọwọ́ ṣì wà ní Faransé. Nígbà ogun kejì, tí Jámánì gba Párísì, ẹni tí ń bá Kojiro ṣọ́ wọn kó wọn pamọ́ sí abúlé kan. Kò rówó gbà mọ́ láti ilé. Ó ta díẹ̀ nínú àwòrán náà kí ó lè tọ́jú ìyókù.

Nínú ogun yìí, Jàpáánì wà lẹ́yìn Jámánì, ó sì di ọ̀tá Faransé. Ìjọba Faransé gbẹ́sẹ̀ lé àwọn àwòrán náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìní ọ̀tá. Àwa ará Togo mọ irú èyí. Bí erin méjì bá ń jà, ẹni tí ó bá ṣẹ́gun ni yóò pín ohun tí ó bá nílẹ̀.

Matsukata Kojiro kú ní ọjọ́ 24 oṣù Júùnù, ọdún 1950. Kò ní ilé àwòrán. Kò ní ilé iṣẹ́. Ohun tí ó kó jọ ti jóná, wọ́n ti tà á, wọ́n ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá wò ó ní ọjọ́ náà yóò ní asán ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán. Ní ọdún 1951, nígbà tí wọ́n ń tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, olórí ìjọba Jàpáánì, Yoshida Shigeru, bẹ Faransé pé kí wọ́n dá àwọn àwòrán náà padà. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà. Wọ́n ní kí Jàpáánì kọ́kọ́ kọ́ ilé tí ó yẹ wọ́n. Wọ́n sì mú díẹ̀ sílẹ̀ fún ara wọn, títí kan àwòrán yàrá van Gogh ní Arles, èyí tí ó wà ní Párísì títí di òní. Le Corbusier ni ó ya àwòrán ilé tuntun náà. Ní oṣù Júùnù, ọdún 1959, wọ́n ṣí i ní Tokyo, nǹkan bí 370 iṣẹ́ ọwọ́ sì wọlé padà. Ní ọdún 2016, wọ́n tún rí àwòrán òdòdó orí omi kan, iṣẹ́ ọwọ́ Monet, ní Párísì. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó ti padà sílé náà.

Báyìí ni ohun tí Kojiro fẹ́ ṣe nígbà ayé rẹ̀ ṣe ṣẹ nígbà tí kò sí láyé mọ́.

9. Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí

Ẹ̀yin ará wa, ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó bá ta ẹ̀ṣọ́ ilé tán, kí ni yóò gbé jáde?

Láyé Jámánì, láti ọdún 1884 sí ọdún 1914, ọ̀pọ̀ ohun ọwọ́ bàbá wa kúrò ní Togo. Ère, ìlù, àpótí ìjókòó, aṣọ híhun. Òmíràn ni wọ́n rà, òmíràn ni wọ́n gbà ní tipátipá. Wọ́n wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Berlin, Leipzig àti Stuttgart. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí àwa Ana gbà pé a ti ṣẹ̀ wá, ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius dé ní ọdún 1910. Pọ́n-ùn mẹ́fà àti ìgò ọtí kan ni ó fi ra orí Olókun, iṣẹ́ idẹ tí kò ní ẹgbẹ́. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ariwo ta. Ẹ̀yin ẹ rò ó: kí ni pọ́n-ùn mẹ́fà lè rà lónìí?

A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ta nǹkan. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, tí owó ìwòsàn kò sí, ènìyàn a máa ta ohun tí ó ní. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tà á nítorí pé ẹ kò mọ ohun tí ó jẹ́. Bí àlejò bá dé tí ó nàka sí ère ìbejì ìyá àgbà tàbí aṣọ òfì inú àpótí, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín sí i pé kò gbọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín pé kí ni ó rí tí àwa kò rí. Ẹ pe ẹbí jọ. Ẹ lọ bá àgbà tí ó mọ̀ ọ́n.

Ohun kan sì wà tí ẹ lè ṣe báyìí, tí ẹ kò lè ṣe kí ẹ tó wọ kíláàsì yìí. Ẹ ti mọ̀wé kọ. Ẹ mú ìwé àti bírò. Ẹ wọ ìyẹ̀wù. Ẹ kọ orúkọ ohun àtijọ́ kọ̀ọ̀kan tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tí ó gbẹ́ ẹ tàbí ẹni tí ó hun ún, àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí ìwé tí wọ́n rí ní Lọ́ńdọ̀n. Iná lè jó ohun ìní. Olè lè gbé e. Ṣùgbọ́n bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé, ọmọ yín yóò mọ ohun tí òun ń wá kiri.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Ènìyàn mélòó ni ó ń pawọ́ pọ̀ ṣe àwòrán onípákó? Kí ni iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan?
2. Kí ni ó fà á tí àwọn ará Jàpáánì fi ta àwọn àwòrán náà ní owó pọ́ọ́kú?
3. Báwo ni ogun ọdún 1914 ṣe sọ Kojiro di olówó?
4. Níbo ni àwọn àwòrán 8,000 náà wà lónìí?
5. Ó ha tọ́ kí Kojiro máa ra àwòrán nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè owó? Ẹ jọ jíròrò rẹ̀ ní kíláàsì.
6. Ẹ kọ orúkọ ohun àtijọ́ mẹ́ta tí ó wà nínú ilé yín, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe wọ́n.